Ta ni Freeman, ẹni tí wọ́n ní ó kọ́kọ́ wàásù ní Àgbádárìgì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ni mí ní ìjọ Methodist kan n'Ìbàdàn. A kó àwọn ọmọ wa lọ sí Àgbádárìgì lọ́dún tó kọjá, ẹni tó ń mú wa kiri sì sọ pé Òyìnbó ni Freeman tó kọ́kọ́ wàásù níbẹ̀. Nígbà tí a padà délé, bàbá àgbà kan nínú ìjọ ní irọ́ ni, ènìyàn dúdú ni. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wá bi mí pé, "Anti, bó bá jẹ́ dúdú, ọmọ ìlú wo ni?" Mi ò rí nǹkan sọ. Àwọn kan tún ní owó ìjọ ló kó jẹ tí wọ́n fi lé e lọ. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé òun náà ló sì dá ilé ìwé àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà?

Ìdáhùn: Olùkọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ẹ sọ fún ọmọ yẹn pé ìbéèrè rẹ̀ dùn mọ́ mi ju tiyín lọ, ẹ má bínú. Kò sí òpùrọ́ nínú ẹni tó mú yín kiri àti bàbá àgbà ìjọ yín. Adúláwọ̀ tí wọ́n ti kó lẹ́rú rí ni bàbá tó bí Thomas Birch Freeman. Amy Birch ni orúkọ ìyá rẹ̀, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì sì ni. Ní Twyford, abúlé kan ní Hampshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá ọdún 1809. Ọmọ Twyford ni, ẹ fi èyí dá ọmọ náà lóhùn. Ibẹ̀ ló dàgbà sí, èdè Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ, oúnjẹ wọn ló ń jẹ. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ìránṣẹ́ Òyìnbó ni àwọn ènìyàn kà á sí, nítorí aṣọ àti ìṣe rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ adúláwọ̀ ni wọ́n ń pè é. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe sí ọmọ aláwọ̀ méjì nìyẹn títí dòní: ìhà kejì ni oníkálukú máa ń rí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú ṣinṣin ni iṣẹ́ tó ń ṣe kó tó di oníwàásù. Olùtọ́jú ọgbà ni. Kì í ṣe irú ẹni tó ń fi àdá gé koríko ní iwájú ọ́fíìsì o. Ní Orwell Park, lẹ́bàá Ipswich, ọ̀gá ló jẹ́ nínú ọgbà Sir Robert Harland. Ó mọ igi àti òdòdó, ó mọ orúkọ tí àwọn onímọ̀ fi èdè Látìnì sọ wọ́n. Ìtàn sọ pé nígbà tó fi ìjọ Áńgílíkà sílẹ̀ tó di Methodist ni iṣẹ́ náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti ka ìwà ọkùnrin yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n kò sì rí ibi tí olùtọ́jú ọgbà náà ti kú nínú rẹ̀. Gbogbo ibi tó bá dé, gbígbìn ló ń wù ú. Bó bá ti gbìn tán, ojú rẹ̀ ti wà ní oko tó kàn. Ẹ rántí èyí nígbà tí a bá dé orí ọ̀rọ̀ owó.

Ní ìparí ọdún 1837, ó gbéra lọ sí Cape Coast, tó wà ní Gánà òde òní, pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ tuntun, Elizabeth Boot. Wọ́n gúnlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní ọdún 1838. Ẹ wá wo ohun tó bá níbẹ̀. Joseph Dunwell, ẹni àkọ́kọ́ tí Methodist rán wá, dé ní oṣù Kìíní 1835, kò sì lo oṣù mẹ́fà kó tó kú. George Wrigley àti ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ lé e, Peter Harrop àti ìyàwó tirẹ̀ sì tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí Freeman fi máa dé, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wà nínú ilẹ̀. Kò pé oṣù méjì tí ìyàwó tirẹ̀ náà fi kú. Ibà ni. Ó tún fẹ́ Lucinda Cowan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn náà, ó mú un bọ̀, òun náà kú ní 1841. Ẹlòmíràn ì bá wọ ọkọ̀ tó kọ́kọ́ bọ́ sí iwájú rẹ̀ padà sílé. Òun jókòó. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1838, oṣù mẹ́rin lẹ́yìn tó sin ìyàwó àkọ́kọ́, ó ti ya ilé ìsìn ńlá tó ṣì wà ní Cape Coast títí dòní sí mímọ́.

Ṣùgbọ́n kí ni Methodist wá ṣe ní Cape Coast gan-an? Ibí yìí ni ìtàn tí a máa ń sọ fún àwọn ọmọ ti máa ń wọ́. A máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé àwọn Òyìnbó kàn jí lọ́jọ́ kan, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá wàásù fún wa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin Fáńtì kan, ìyẹn àwọn ọmọ etí òkun Gánà, tí wọ́n kàwé ní ilé ìwé inú odi Cape Coast ló kó ara wọn jọ ní 1831 tí wọ́n ń ka Bíbélì fúnra wọn, láìsí oníwàásù kankan. Ọ̀kan nínú wọn, William de Graft, ló bẹ ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan, Captain Potter, pé kó bá àwọn ra Bíbélì bọ̀ láti ìlú Òyìnbó. Ọ̀rọ̀ náà ya Potter lẹ́nu, ó sì lọ sọ fún àwọn Methodist ní Lọ́ńdọ̀nù pé kí wọ́n má rán Bíbélì nìkan, kí wọ́n rán ènìyàn sí i. Bí wọ́n ṣe rán Dunwell nìyẹn. Ẹ fi orúkọ de Graft sọ́kàn. A óò tún bá a pàdé ní Àgbádárìgì.

Ní 1839, Freeman gbéra lọ sí Kumasi, olú ìlú Àṣàǹtí, láti lọ bá ọba Kwaku Dua Kìíní. Kì í ṣe ìrìnàjò kékeré rárá, nítorí àwọn ará etí òkun àti Àṣàǹtí ti jà títí kó tó dìgbà yẹn. Wọ́n dá a dúró ní Fomena lójú ọ̀nà fún ohun tó lé ní oṣù kan, kí ọba tó ní kó máa bọ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin ló wọ ìlú. Ó rí ọlá ọba, ó rí wúrà, ó sì rí bí wọ́n ṣe ń pa ènìyàn nígbà ìsìnkú ẹni ńlá, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí i.

Àkọsílẹ̀ yẹn ni wọ́n fi ru àwọn ọmọ ìjọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sókè. Nígbà tó lọ síbẹ̀ ní 1840 pẹ̀lú de Graft, £5,000 ni wọ́n ń wá fún iṣẹ́ Àṣàǹtí. Nígbà tó padà lọ sí Kumasi ní ìparí ọdún 1841, ọmọ ọba Àṣàǹtí méjì ló mú dání, àwọn tí wọ́n ti fi ṣe ògò àdéhùn lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1831 tí wọ́n sì ti lọ kàwé lókè òkun. Ẹ̀bùn tó mú bọ̀ fún ọba máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: kẹ̀kẹ́ ẹṣin ńlá, irú èyí tí àwọn ọlọ́lá Lọ́ńdọ̀nù ń gùn. Ọ̀nà ibẹ̀ kò ju ọ̀nà ẹsẹ̀ lọ nígbà náà, àárín igbó kìjikìji. Ènìyàn ló wọ́ kẹ̀kẹ́ náà gba inú igbó, tí wọ́n ń gé igi níwájú rẹ̀, títí ó fi dé ààfin. Inú ọba dùn púpọ̀. Iye tó ná ìjọ ni ẹnikẹ́ni kò bèèrè lọ́jọ́ yẹn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sílé. Láti 1839 ni àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ olówò ẹrú, tí wọ́n sì kó dà sí Freetown ní Sàró (Sierra Leone), ti ń padà bọ̀. Àwọn la mọ̀ sí Sàró. Àwọn kan dá owó jọ láàárín ara wọn, wọ́n ra ọkọ̀ tí wọ́n ti fi kó ẹrú rí, wọ́n sì fi wá ilé. Àgbádárìgì ni wọ́n gúnlẹ̀ sí, púpọ̀ nínú wọn sì kọrí sí Abẹ́òkúta. Ọ̀pọ̀ wọn ti di onígbàgbọ́ ní Freetown, ṣùgbọ́n kò sí oníwàásù lọ́dọ̀ wọn nílé. Ọ̀kan nínú wọn ní Àgbádárìgì, James Fergusson, kọ lẹ́tà sí àwọn Methodist ní 1841 pé kí wọ́n wá ràn àwọn lọ́wọ́. Ẹ rí i bí ó ti jọ ti Cape Coast? Onílé ló tún ránṣẹ́ pe àlejò. Ní tèmi, bí ẹ bá fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ ní "ẹni àkọ́kọ́" lóòótọ́, orúkọ Fergusson ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ sí ojú pátákó, kí ti Freeman tó tẹ̀ lé e.

Ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842 ni Freeman gúnlẹ̀ ní Àgbádárìgì, pẹ̀lú de Graft àti ìyàwó rẹ̀. Abẹ́ igi Àgíyà ni wọ́n ní ó ti wàásù. Igi náà ti wó ní 1959, òpó ìrántí tí ẹ fi ojú rí ló rọ́pò rẹ̀. Èmi fúnra mi ti dúró níbẹ̀ nígbà kan, lọ́sàn-án gangan, tí òòrùn ń mú, mo sì rò ó nínú ara mi pé ọlọ́gbọ́n ni ẹni tó yan ìbòòji igi. Lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ ilé tí wọ́n óò máa gbé, ó mú ọ̀nà Abẹ́òkúta pọ̀n ní oṣù Kejìlá. Abẹ́òkúta kò tíì ju nǹkan bí ọdún 12 lọ tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀ ẹ́ dó. Ṣódẹkẹ́ ló ń darí wọn, ó sì fi ayọ̀ gba Freeman. Kò yani lẹ́nu. Àwọn ọmọ tí àwọn ará ìlú ti sunkún wọn bí òkú ló ń padà wọlé láti Sàró, tí wọ́n ń sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ló já àwọn gbà. Ta ni kò ní fẹ́ rí ẹni tó ti ibẹ̀ wá?

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Nínú àkọsílẹ̀ ìrìnàjò rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1844, kò pè wá ní Yorùbá. "Aku" ló pè wá. Orúkọ tí wọ́n fún àwọn ènìyàn wa ní Sàró nìyẹn, torí pé ẹnu wọn kì í kúrò lórí "ẹ kú": ẹ kú àárọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó. Ẹ sọ ìyẹn fún àwọn ọmọ, wọn kò ní gbàgbé rẹ̀.

Ní ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì ló padà dé Àgbádárìgì, ó sì bá Henry Townsend, ọ̀dọ́mọkùnrin tí CMS, ìyẹn ẹgbẹ́ ìránṣẹ́ ìjọ Áńgílíkà, rán wá wo ilẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ ṣe Kérésìmesì 1842 níbẹ̀. Nítorí èyí ni Methodist àti Áńgílíkà ṣe máa ń fa ọ̀rọ̀ "àwa la kọ́kọ́ dé" mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ọjọ́ kò yí padà: Freeman fi nǹkan bí oṣù mẹ́ta ṣáájú ní Àgbádárìgì, ó sì fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú ní Abẹ́òkúta, torí oṣù Kìíní 1843 ni Townsend dé ibẹ̀. Síbẹ̀ àwọn méjèèjì alára kò jà. Wọ́n jọ gbàdúrà, wọ́n jọ jẹun.

Lẹ́yìn náà ni Freeman ṣe ohun tí mo kà sí ìgboyà jù nínú ìrìnàjò yẹn. Ó lọ sí Dàhọ̀mì, ó lọ bá ọba Gẹ̀zò ní Abomey. Gẹ̀zò kì í ṣe ọ̀rẹ́ Ẹ̀gbá, òwò ẹrú ni agbára rẹ̀, ọ̀nà láti Ouidah, èbúté rẹ̀ létí òkun, dé Àgbádárìgì kò sì jìnnà. Freeman mọ̀ pé ohun tí òun gbìn ní Àgbádárìgì kò ní pẹ́ nílẹ̀ bí ọba yẹn bá bínú sí i. Ó ṣàlàyé ìdí tó fi wá, ó sọ̀rọ̀ nípa òwò ẹrú, Gẹ̀zò sì gbà kí wọ́n wá ṣiṣẹ́ ní Ouidah. Kò fi òwò ẹrú sílẹ̀ o. Ní oṣù Kẹta ọdún 1851, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ dé ibi odi Abẹ́òkúta, àwọn Ẹ̀gbá sì lé wọn padà.

Ní ti ilé ìwé tí ẹ bèèrè: bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́. Freeman ló ṣí ọ̀nà, ṣùgbọ́n oṣù díẹ̀ péré ló lò. Kò pẹ́ nínú ọdún 1843 tó ti padà sí Cape Coast. Ẹni tó jókòó ti àwọn ọmọ, tó ń kọ́ wọn ní A, B, D lójoojúmọ́, ni de Graft àti ìyàwó rẹ̀. Àwọn ni olùkọ́ ilé ìwé ìjọ tó kọ́kọ́ wà ní Àgbádárìgì, ọmọ Fáńtì sì ni ọkùnrin náà. Samuel Annear ló wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn ní 1844. Mo mọ̀ pé wọ́n tún mú yín lọ wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń pè ní àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ ti Freeman, ti CMS ni, 1845 sì ni ọdún tí wọ́n ń fi sí i.

Bó ṣe rí nípa ẹ̀kọ́ níbi gbogbo tó dé nìyẹn. Olùkọ́ inú kíláàsì kọ́ ni. Ẹni tó ń gbé olùkọ́ kalẹ̀ ni. Ó ní ojú tó fi ń rí ọ̀dọ́ tó lè ṣiṣẹ́. Lásìkò tí ọ̀pọ̀ Òyìnbó ń rò pé ó di ogójì ọdún kí adúláwọ̀ tó lè dá wàásù, ó ti ń fi wọ́n ṣe olórí ibùdó. Ó dá oko kan sílẹ̀ lẹ́bàá Cape Coast tó sọ ní Beulah, níbi tí àwọn ọmọ ilé ìwé ti ń kàwé tí wọ́n sì ń ṣọ̀gbìn kọfí àti oríṣiríṣi igi eléso. Ẹ rí olùtọ́jú ọgbà wa lẹ́ẹ̀kan sí i. Àléébù rẹ̀ kan wà tí n kò ní bò mọ́lẹ̀: ó lo ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún ní etí òkun yìí, síbẹ̀ ògbufọ̀ ló fi ń wàásù. Ẹ fi wé Àjàyí Crowther, tó fi èdè tiwa kọ ìwé tí àwọn ìyá wa lè gbọ́ kà. Mo rò pé ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí CMS gba ilẹ̀ ju Methodist lọ ní Abẹ́òkúta, yàtọ̀ sí pé àwọn ní ènìyàn tó pọ̀ jù.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. Àwọn àgbà ìjọ máa ń sọ pé owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Kẹ̀kẹ́ Freeman ń sáré, kò sì ní bíréèkì. Òun nìkan ni alábòójútó láti Gánà títí dé Àgbádárìgì, Kumasi wà lọ́wọ́ rẹ̀, Ouidah wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ìlú kan bá ti ní àwọn fẹ́ ilé ìwé, yóò rán olùkọ́, olùkọ́ náà yóò sì gba owó oṣù. Ọba yóò fún un ní ẹ̀bùn, òun náà yóò sì dá ẹ̀bùn padà, torí pé ẹni tí kò mú nǹkan dání kì í wọ ààfin. Lọ́ńdọ̀nù ń kọ lẹ́tà pé iye tí a fún ọ kọ́ nìyí. Yóò ní òun ti gbọ́, lọ́dún tó ń bọ̀ gbèsè náà yóò tún ga sí i. Ní 1856, wọ́n rán ẹnì kan wá yẹ ìwé owó wò. Ní 1857, Freeman kọ̀wé fi ipò sílẹ̀.

Nítorí náà, kò kó owó jẹ. Àṣìṣe rẹ̀ ni pé ó ná ohun tí wọn kò fún un, sórí iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é lólè lójú àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún wọn pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ o. Mo ti jẹ́ akápò ìjọ fún ọdún mẹ́jọ rí, mo sì mọ bó ṣe máa ń ṣe akápò nígbà tí olùṣọ́ àgùntàn tí gbogbo ènìyàn fẹ́ràn bá ń ṣèlérí láti orí pẹpẹ. Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù yẹn náà kò jẹ̀bi.

Kò padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn tó kọ̀wé fi ipò sílẹ̀, ohun tó wú mi lórí nìyẹn. Ó ti fẹ́ obìnrin Fáńtì kan, Rebecca Morgan, ní 1854, obìnrin náà sì bí ọmọ fún un. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi í ṣe alábòójútó agbègbè Accra títí di 1860. Nígbà tí ìyẹn náà tán, ó mú ọkọ́, ó lọ dáko. Ní 1873, nígbà tó ti lé ní ọmọ ọgọ́ta ọdún, ìjọ tún gbà á padà. Kì í ṣe bí ọ̀gá mọ́, bí òṣìṣẹ́ lásán ni. Anomabu ni wọ́n fi í sí. Níbẹ̀ ni ìsọjí ńlá ti bẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ ní nǹkan bí 1876, tí àwọn ènìyàn ń rọ́ wá ṣèrìbọmi. Ó ṣiṣẹ́ títí di 1886, ó sì kú ní Accra ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1890, ẹni ọgọ́rin ọdún. Ọmọ rẹ̀ kan tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ náà di òjíṣẹ́ Ọlọ́run.

Bí ẹ bá tún kó àwọn ọmọ lọ sí Àgbádárìgì, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń mú yín kiri sọ tirẹ̀ tán nípa Freeman. Lẹ́yìn náà, kí ọmọ tó bèèrè ìbéèrè yẹn na ọwọ́ sókè, kó bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, níbo ni de Graft ń gbé?"